Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, ọ̀gá ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún yúníọ̀n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Sítọ́ọ̀ ni mo wà nílé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan n'Ìbàdàn. Dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ dín, ni wọ́n bá já ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fèsì kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ọ̀gá tún ní tí yúníọ̀n bá fi lè gbọ́, òun á lé mi. Ṣé kí n kàn bẹ̀bẹ̀ ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni nínú ìwé yẹn o! Ẹni tó bá kọ "ẹ foríjì mí, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́" lórí ohun tí kò ṣe ti fọwọ́ ara ẹ̀ jẹ́wọ́ nìyẹn, òun náà ni wọ́n á gbé síwájú ìgbìmọ̀ tó ń bá òṣìṣẹ́ wí. Kúẹ́rì kì í ṣe ìdájọ́, wọ́n ń bi yín ni, ẹ sáà fèsì lásìkò torí tẹ́ ẹ bá dákẹ́ wọ́n á ní ẹ ò rí nǹkan sọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì wọlé, iye lítà, nọ́ńbà SIV (ìwé tí wọ́n fi ń gbé ẹrù jáde ní sítọ́ọ̀) tí wọ́n fi gbé e jáde, ẹni tó sáìnì, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí akọ̀wé lu sítáǹpù kó kọ déètì sí i, ilé yín nìyẹn ń gbé.

Ti yúníọ̀n, ọ̀gá yín ò láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀ rárá, ó bí mi nínú gan-an. Section 40 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló ní ẹ lè wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kó gbèjà yín. Ẹ lọ fún sẹ́kítírì yín ní fọ́tòkọ́pì lónìí.

Tó bá di ti ìgbìmọ̀, Public Service Rules, ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba, ní ẹ lè da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí wọn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lo ìwé kankan mọ́ yín tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí. Tẹ́ ẹ bá máa kọ pẹ̀tísọ̀n, ẹ jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn náà kọjá, ohun tí wọ́n ń pè ní U.F.S. nìyẹn, torí tẹ́ ẹ bá fò ó wọ́n lè dá a padà. Public Service Rules yẹn lágbára o: ní 1981 Supreme Court dá Shitta-Bey, lọ́yà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fipá ní kó fẹ̀yìn tì, láre torí wọn ò tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá sì lé yín láìgbọ́ tẹnu yín, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, wà n'Ìbàdàn níbẹ̀.