Kí ni imọ̀ ọ̀pẹ ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn àwọn Àgùdà?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: kí ló dé tí àwọn Àgùdà fi ń há imọ̀ ọ̀pẹ tí Fádà wọ́n omi mímọ́ sí lára ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tàbí sára àgbélébùú tó wà ní pálọ̀, tí á wà níbẹ̀ gbẹ títí ọdún á fi yípo? Ìdáhùn méjì ni mo gbọ́ kí èmi náà tó dá sí i. Ẹnìkan ní wọ́n fi ń lé àjẹ́ ni. Ẹnìkejì ní màrìwò Ògún ni wọ́n jí gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Méjèèjì ló bí mi nínú, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló dùn mí jù, torí ọmọ ìjọ wa ló sọ ọ́.

Ti màrìwò kò lè gbà wá lákòókò. Obìnrin arìnrìnàjò kan tó ń jẹ́ Egeria dé Jerúsálẹ́mù ní ọ̀rúndún kẹrin, ó sì kọ ohun tó fojú rí sílẹ̀: tọmọdé tàgbà ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ólífì, ewé ọ̀pẹ àti ewé ólífì lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1868 ni àwọn Fádà SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì àwọn Àgùdà, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó, nígbà tí Pa Antonio àtàwọn tó ti oko ẹrú Brazil dé ti ń kó ara wọn jọ gbàdúrà. Àṣà náà ti gbó kó tó kan ilẹ̀ wa. Pé ọ̀pẹ ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún àwọn baba wa, òótọ́ ni, ìyẹn ò sọ ẹnikẹ́ni di olè.

Ó yá, ẹ ṣí Bíbélì. Nígbà tí Jésù ń wọ Jerúsálẹ́mù, Mátíù àti Máàkù ní àwọn èèyàn tẹ́ ẹ̀ka igi sójú ọ̀nà. Lúùkù ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ka, aṣọ ni tirẹ̀. Jòhánù nìkan, ní orí 12 ẹsẹ 13, ló sọ pé ọ̀pẹ ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀pẹ? Ẹ lọ wo Ìwé Mákábì Kìíní 13:51, ìwé tí kò sí nínú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú wa ń gbé kiri. Nígbà tí Símónì, olórí àwọn Júù ìgbà náà, lé àwọn ọ̀tá kúrò nínú odi agbára Jerúsálẹ́mù, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n gbé lọ́wọ́ wọlé, pẹ̀lú háàpù àti orin. Ọ̀pẹ ajagunṣẹ́gun ni. Àwọn tó já a pàdé Jésù ń sọ fún un pé: wá bá wa lé àwọn ará Róòmù lọ. Ó bá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọlé, gẹ́gẹ́ bí Sekaráyà ti wí, kò gun ẹṣin ogun. Kò pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, òun alára ni wọ́n ní kí wọ́n pa.

Ibi tí mò ń lọ nìyí, ẹ má sì yà mí lọ́nà: ẹ̀rí ni imọ̀ ọ̀pẹ yẹn, àwa ló sì ń jẹ́rìí takò. Ẹ ṣàkíyèsí Máàsì Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ dáadáa. Fádà wọ ẹ̀wù pupa, a tò wọlé láti ìta, à ń ju imọ̀ ọ̀pẹ, à ń kọ Hòsánà tí ọ̀fun fi ń há. Kò ní pẹ́ rárá, wọ́n á ka Ìtàn Ìjìyà Olúwa. Fádà ló ń sọ ọ̀rọ̀ Jésù, ẹlòmíì ń ka ti Pílátù. Ta ló wá ń sọ ti èrò? Àwa náà ni. Imọ̀ ọ̀pẹ ò tíì kúrò lọ́wọ́ wa tí a fi ń pariwo pé, "Kàn án mọ́ àgbélébùú!" Àgbà ní ẹnu tí a fi pe adégún, a kì í fi pe adéògún. Àwa fi pe méjèèjì nínú Máàsì kan ṣoṣo, a sì gbé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sílé.

Ìdí nìyẹn tó fi ń parí sí eérú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn gbígbẹ yẹn náà ni wọ́n máa ń kó padà wá sun fún Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ tí Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, tí Fádà á fi sàmì síwájú orí wa pé, "Rántí pé erùpẹ̀ ni ọ́, ìwọ yóò sì padà di erùpẹ̀."

Nígbà tí mo wà lára àwọn ọmọ tó ń ran Fádà lọ́wọ́, àwa la máa ń sun ún. Katikíìsì wa kì í gbà kí a ju imọ̀ síná bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ewé kúrò lára ọwọ̀, torí ọwọ̀ kì í jóná tán, èédú wẹ́wẹ́ ni á dà, á sì ha èèyàn níwájú orí. Bí ewé kan bá ṣì tutù, èéfín á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Inú ìkòkò amọ̀ la ti ń sun ún, tó bá ti tutù, a ó fi ọwọ́ fọ́ ọ, a ó sì fi asẹ́ kù ú. Baba ò sì gbà kí a po ó mọ́ omi jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú mọ ohun tí omi eérú lè ṣe sí awọ ara.

Lóde òní, eérú inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń rà. Wọ́n ní ó yá, ó sì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ta ni? Ọmọ á gba eérú, á ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kò mọ̀ pé eléyìí tó há sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ lẹ́ṣìí ló yẹ kó wà lórí rẹ̀.

Ní ti àjẹ́, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù náà ti sun ọ̀pẹ tí wọ́n bùkún fún láti fi lé ìjì àti àrá rí, kì í ṣe àwa nìkan ni ìbẹ̀rù ń ṣe. Ìbùkún wà lára rẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e kọ́ bí òǹdè, tí kò wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀ rí, ewé gbígbẹ ló gbé kọ́.

Ẹni tó bèèrè ohun tí òun máa fi ti ọdún tó kọjá ṣe: gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí Ọjọ́rú Eérú tó dé. Bí wọn ò bá gbà á, sun ún nílé, kí o da eérú rẹ̀ sídìí igi. Má gbé e dà sí ààtàn.