Kí ni mo ń rí lórí iyanrìn táǹkì ẹja omi iyọ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti gbé táǹkì ẹja omi iyọ̀ sí pálọ̀ mi ní Houston. Láìpẹ́ yìí, mo rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan tó yọrí láti inú iyanrìn, nǹkan kan tó jọ òkú edé, àti nǹkan pupa tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn. Mi ò ra ìkankan nínú wọn. Ṣé kí n kó iyanrìn náà dànù ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o dànù. Ohun alààyè púpọ̀ tó ń fọ omi yín mọ́ ló ń gbé inú iyanrìn yẹn, bí ẹ bá sì rú u lẹ́ẹ̀kan náà, ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀ á bo ẹja yín.

Ẹ kọ́kọ́ ka edé yín. Bí wọ́n bá pé, èépá ni ẹ rí, kì í ṣe òkú. Èépá ara edé kì í gbòòrò, torí náà ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kó tó lè dàgbà. Èyí tó bọ́ yìí máa ń mọ́ gaara, inú rẹ̀ á ṣófo, á sì là níbi tí èépá orí ti pàdé ti ìrù. Ẹran máa ń wà nínú òkú edé ní tirẹ̀, kì í sì í pẹ́ rùn. Bí ọ̀kan bá dín, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀: ara edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èépá rọ̀, ó sì lè sá pamọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má torí ìpayà da oògùn tó ní bàbà sínú omi o. Bàbà ló ń pa edé.

Ní ti àwọn ọ̀pá, òru ni kí ẹ wò wọ́n. Ẹ pa iná táǹkì, ẹ dúró bíi wákàtí méjì, kí ẹ wá fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì, torí ọ̀pọ̀ ẹran inú òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa. Bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bá ń jù fìrìfìrì lẹ́nu ọ̀pá, tàbí tí okùn funfun púpọ̀ bá nà sórí iyanrìn, kòkòrò tó jọ ekòló ló ń gbé inú rẹ̀. Itọ́ ara rẹ̀ ló fi lẹ iyanrìn pọ̀ di ilé. Àjẹkù oúnjẹ ẹja ló ń jẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú òkúta òkun tí ẹ rà ló ti wá. Ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tó pupa nìkan ló nílò iṣẹ́. Ẹ fi igi rọra gbé etí rẹ̀: bí ó bá ṣí kúrò ní odindi, tó yọ̀, tí ìfófòó kéékèèké sì máa ń wà lórí rẹ̀ lọ́sàn-án, irú bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria ni. Oúnjẹ àjù àti omi tí kì í ṣàn dáadáa ló ń bọ́ ọ. Ẹ fi rọ́bà fà á jáde nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì kọ ẹnu pọ́ǹpù síbẹ̀. Èmi ò fara mọ́ kéèyàn kọ́kọ́ lo oògùn tó ń pa bakitéríà, torí ó lè pa bakitéríà rere mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ eruku àwọ̀ ilẹ̀ lásán ni, ìyẹn wọ́pọ̀ nínú táǹkì tuntun, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú omi. Bí ẹ bá rí kòkòrò gígùn tí irun funfun tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bristle worm ni. Irun yẹn máa ń gún ènìyàn, ó sì ń ta. Bó bá wọ ìka yín, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ fà yọ.