Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí àgùnfọn nínú kòtò Ngorongoro?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí níbẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín tó wó sínú ara ẹ̀ ní bíi mílíọ̀nù 2 sí 3 ọdún sẹ́yìn ló di kòtò yẹn ní Tàǹsáníà, ògiri ẹ̀ ga tó mítà 600, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bí àgùnfọn ò lè ríbi sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, tó bá tiẹ̀ débẹ̀ náà koríko ló pọ̀ jù, ewé igi tó máa ń já jẹ ò tó. Níta kòtò lẹ ti máa rí wọn. Ṣùgbọ́n kìnnìún, ẹfọ̀n, àwọn àgbà akọ erin tí eyín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, àgbánréré dúdú náà wà, ìyẹn ló sì dùn mọ́ mi jù torí àwọn tó ń jí ẹran pa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run wọ́n tán tẹ́lẹ̀ nítorí ìwo.