Ibà Tó Mọ Kàlẹ́ńdà

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, Mówe ni mo ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń rẹ̀ mí ṣáá. Mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tọ́jú táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa máa ń fa omi sí mi lára ní Sátidé. Ara á yá díẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, á tún dé. Ọkọ mi ní mo tún ti ń kanra jù. Omi wo ló lágbára jù? Àbí kí n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gba omi kankan mọ́.

Ẹ má bínú sí mi. Ohun tó ń ṣe Àbòyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìbéèrè yìí, ó sì ti sú mi láti máa rí ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa lápálápá. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fà sí yín lára. Èyí tó yẹ́lò, fítámínì ni wọ́n pò mọ́ ọn, ẹ ó sì tọ èyí tí ara kò nílò dà nù. Ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń bì, tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, ló wúlò fún. Ohun tó ń mú ara yín yá ní Sátidé ni wákàtí mélòó kan tí ẹ fi dùbúlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè tágẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín. Ẹ lè rí ìyẹn gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì yín.

Táífọ́ọ̀dù ńkọ́? Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣe ní láàbù kọ̀rọ̀, lè ní "ó wà" fún ẹni tí kò ní in, torí ara a máa rántí àìsàn tó ti ṣe é rí. Ibà tó sì ń dé nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ṣé kòkòrò rẹ̀ mọ kàlẹ́ńdà ni?

Ohun tí mo fura sí ni àárẹ̀ iṣẹ́, èyí tí òyìnbó ń pè ní burnout. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò rí ojútùú sí ló ń fà á, wọn kò sì kà á sí àìsàn. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà hàn: okun á tán, ọkàn á kúrò lára iṣẹ́, ẹni náà á sì máa rò pé òun ò já mọ́ nǹkan kan níbi iṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni gbogbo yín ń sọ fún mi. Èkejì ni mo máa ń wá, ọkọ tàbí aya ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Oníbàárà kí yín, inú ń bí yín. Ẹ ka fọ́ọ̀mù kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò wọlé. Ẹ sùn títí ní Sátidé, ẹ jí, ó ṣì ń rẹ̀ yín.

N kò tíì fojú rí yín o, n kò lè fi lẹ́tà dá ẹjọ́ ara. Ẹ lọ sí ọsíbítù, kí wọ́n wo ìfúnpá, ṣúgà, iye ẹ̀jẹ̀ àti thyroid, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré kan níwájú ọrùn. Gbogbo wọn ló lè máa tánni lókun. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kéré lóòótọ́, nígbà náà la ó sọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀. Tí àyà bá ń dùn yín, tàbí tó ń ṣe yín bíi kí ẹ kú, òní ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan.

Ẹ má sì sọ fún mi pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Lọ́dún 2021, àjọ yìí kan náà àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Wọn ò ka ọ̀nà Mówe mọ́ ọn.

Ẹ gba ìsinmi ọdún yín, ẹ má fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà bá ẹrù kan náà, yóò tún dé, nítorí náà ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ kí ẹ tó lọ. Láti òní, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì máa kọ ọjọ́ àti aago tó bá ti rẹ̀ yín sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi tẹmómítà wọn ara yín nígbà náà. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ bá dókítà, ẹ fi èsì Widal sílé.