Kí ló ń sọ màkàrónì àti ẹran lílọ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé ilé ní Kubwa, ní Àbújá, ilẹ̀ á ti ṣú, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń se ẹran lílọ̀ àti màkàrónì pọ̀ nínú ìkòkò kan. Ṣùgbọ́n ẹran náà máa ń ṣù pọ̀, á funfun bí ẹran bíbọ̀. Màkàrónì á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lókè, á tún jóná nísàlẹ̀. Níbo ni mo ti ń ṣì í ṣe? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Ìdí ẹran gan-an ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń fọ ẹran lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, ó sì máa ń fa omi mu bíi fóòmù. Tó bá dórí iná, omi yẹn á tú jáde, ẹran á wá máa hó nínú rẹ̀ dípò kó dín. Ẹ ní kí alápatà gé itan tó ní ọ̀rá díẹ̀, kó ṣàn án ní odidi, kó sì gbẹ dáadáa kó tó wọ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́.

Fún èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún, ẹran gíráàmù 500 àti màkàrónì ọ̀rá kan (gíráàmù 500) ti tó. Ẹ lọ tòmátò márùn-ún, tàtàṣé méjì àti ata rodo méjì sílẹ̀.

Ìkòkò tó fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ nípọn, ni kẹ́ ẹ lò. Álúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á ti jó láàárín kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gbóná. Ẹ da òróró ṣíbí ìjẹun méjì sí i, ẹ tẹ́ ẹran náà pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 3 sí 4. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Tó bá ń ta pàràpàrà, ó ń dín nìyẹn. Tó bá ń hó kùtùkùtù, omi ṣì wà níbẹ̀: ẹ má dé e, ẹ fi kún iná títí tó fi máa gbẹ. Nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, ẹ yí i, kẹ́ ẹ fi ṣíbí onígi fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Àlùbọ́sà, iyọ̀, kọrí àti táìmù ló kàn, lẹ́yìn náà ata lílọ̀. Ẹ dín in fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 12, títí òróró á fi léfòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú níbí. Ata tí kò gbẹ á kan lẹ́nu, omi inú rẹ̀ á sì ba òṣùwọ̀n omi yín jẹ́.

Òṣùwọ̀n ọ̀hún rọrùn: omi inú ọ̀rá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 50 cl, lítà kan náà nìyẹn. Kó hó ná kẹ́ ẹ tó da màkàrónì sí i. Ẹ rò ó kan ìdí ìkòkò fún ìṣẹ́jú 3 àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn ni oje funfun ara rẹ̀ ń jáde, òun ló ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ẹ wá dín iná kù, ẹ dé e, kẹ́ ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Tòmátò kì í jẹ́ kó tètè rọ̀, nítorí náà ó lè fi ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kọjá ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá. Tó bá gbẹ kó tó rọ̀, omi gbígbóná ìdajì ife ni kẹ́ ẹ fi kún un.

Ẹ mú màkàrónì kan, ẹ gé e sí méjì. Tí funfun tó kù láàárín ara rẹ̀ kò bá ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tí ọbẹ̀ díẹ̀ sì ṣì ń ṣàn nísàlẹ̀, ẹ pa iná. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5, á fa ìyókù mu. Àwọn tó ń dúró kó gbẹ tán lórí iná ló ń bá pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi yájì sí i? (Láti Gwagwalada)

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ṣíbí kékeré kan, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa iná. Kúlíkúlí inú rẹ̀ máa ń rì sísàlẹ̀, á sì jóná. Ẹ dín iyọ̀ kù pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Iná kì í dúró ládùúgbò wa ní Nyanya. Ṣé mo lè ra ẹran lílọ̀ láàárọ̀, kí n sè é lálẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀rọ ti kó kòkòrò àrùn tó wà lára ẹran wọnú gbogbo rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta. Tí ooru bá kọjá 32°C, bíi tiwa nínú oṣù Kẹta, wákàtí kan péré ni. Ẹ rà á nígbà tẹ́ ẹ bá ń darí bọ̀ wálé, tàbí kẹ́ ẹ gbé kúlà tó ní omi dídì lọ sọ́jà.