Ohun tó pọ́n bí omi àgbo láàrin oṣù: ṣé kí n fi ìrun sílẹ̀, ṣé kí ọkọ mi jìnnà sí mi?

ÌBÉÈRÈ

Àáfà, as-salaamu alaykum. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Ọmọ wa kan ṣoṣo ti pé ọdún 6, ó sì ti tó ọdún 2 tí a ti ń wá àbúrò rẹ̀. Nǹkan oṣù mi kì í dúró lójú kan. Ó lè padà dé ní ọjọ́ 26, ó sì lè di ọjọ́ 45. Dókítà ní ẹyin mi kì í jáde déédéé, ó sì fún mi ní oògùn tí mò ń lò fún ọjọ́ 5 lóṣooṣù. Bí ọjọ́ 8 sí 12 lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra, mo máa ń rí nǹkan kan tó pọ́n bí omi àgbo lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi. Kì í ju ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́rin lọ, àmọ́ ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 3. Àáfà àdúgbò wa ní ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́, kí n fi ìrun sílẹ̀, kí ọkọ mi má sì súnmọ́ mi títí n ó fi rí ọjọ́ 7 gbáko tí kò ní àbàwọ́n kankan. Ìwé Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn kan, ló ṣí fún wa. Àáfà kejì ní àlùjànnú ló ń gbé ẹyin mi lọ, ó fún mi ní tírà tí mo so mọ́ ìdí. Ọkọ mi kò mọ ti ẹni tí yóò gbà. Kí ni kí a ṣe? Àwọn ìrun tí mo ti fi sílẹ̀ ńkọ́?

ÌDÁHÙN

Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullah. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń ya àwòrán ọmọ sínú ìyá rẹ̀ bó ṣe wù Ú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Arábìnrin mi, ẹ fara balẹ̀. Ohun tó pọ́n bí omi àgbo tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe nǹkan oṣù. Ẹ máa kírun yín. Bí ọkọ yín bá súnmọ́ yín lásìkò náà, kò dẹ́ṣẹ̀, ẹ̀yin náà kò dẹ́ṣẹ̀. Tírà ìdí yẹn, ẹ tú u kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ó tó obìnrin mẹ́rin tó ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá sí àsálátù wa láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá, gbogbo wọn ni wọ́n ti sọ fún pé Risala ló wí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà n ó tú u wò dáadáa.

Àáfà yín kò purọ́ mọ́ Risala. Èmi náà ka Risala lórí ẹní ní ilé kéú. Madh-hab Imaam Malik (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí Risala ń ṣàlàyé) la bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, mi ò sì kúrò níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dá yóò wẹ̀, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, tàbí tó rí àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ omi dídọ̀tí, yóò fi ìrun sílẹ̀. Ó tún sọ níbẹ̀ pé bí àárín ẹ̀jẹ̀ méjì bá jìnnà síra tó ọjọ́ 8 tàbí 10, nǹkan oṣù tuntun ni. Ibẹ̀ ni àáfà yín gbá mú. Mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nínú madh-hab wa ni pé àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ dídọ̀tí wà lára nǹkan oṣù.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ńkọ́? Nínú madh-hab yìí kan náà, ohun tí àwọn onímọ̀ tó ṣàlàyé ìwé náà kà sí ọ̀rọ̀ tó múlẹ̀ ni pé ìmọ́ra tó wà láàrin nǹkan oṣù méjì kì í dín ní ọjọ́ 15. Ibn al-Majishun, tó jókòó kàwé lọ́dọ̀ Imaam Malik fúnra rẹ̀ ní Madina, sọ pé obìnrin tó bá rí ẹ̀kán kan lẹ́yìn ìmọ́ra, èyí tó dà bí omi tí a fi ṣan ẹran, kò ní ìwẹ̀ lọ́rùn, àlùwàlá ni yóò ṣe. Ẹnu ará ilé ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, kì í ṣe ti àlejò.

Ohun tí mo sì fi ń gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni hádíìsì Umm Atiyya, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó bá Ànábì gbé ayé, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ó ní: "A kì í ka àwọ̀ omi dídọ̀tí àti àwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn ìmọ́ra sí nǹkan kan." Abu Dawud, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari náà, láìsí "lẹ́yìn ìmọ́ra" nínú rẹ̀. Gbólóhùn kékeré yẹn, "lẹ́yìn ìmọ́ra", òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dání. Omi pípọ́n kan náà, àwọ̀ kan náà, bó bá yọ kí ẹ tó mọ́, nǹkan oṣù ni. Bó bá yọ lẹ́yìn tí ẹ ti mọ́, kò jẹ́ nǹkan kan.

Báwo wá ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ẹ ti mọ́? Àwọn obìnrin ìgbà náà máa ń fi àpò kékeré ránṣẹ́ sí ìyá wa Aishat, ìyàwó Ànábì. Òwú ni wọ́n ń dì sínú rẹ̀, òwú tó ní àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè láti ara ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, wọ́n á ní ṣé àwọn ti lè kírun. Aishat á dá wọn lóhùn pé: "Ẹ má kánjú, ó di ìgbà tí ẹ bá rí omi funfun yẹn." Funfun bí ẹfun ni itumọ̀ orúkọ tó pè é. Inú Muwatta, ìwé hádíìsì Imaam Malik, ni èyí wà. Ẹ fi òwú funfun wo ara yín kí ẹ tó wẹ̀. Bí ẹ bá rí omi funfun náà, tàbí tí ẹ jẹ́ ẹni tí kì í rí i àmọ́ tí òwú jáde ní gbígbẹ, ẹ ti mọ́. Ẹ má sì wá di ẹni tí kò ní sùn nítorí èyí. Ọmọbìnrin Zayd ibn Thabit, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì gbé ayé, gbọ́ pé àwọn obìnrin kan ń bèèrè fún fìtílà ní ọ̀gànjọ́ òru láti fi wo ìmọ́ra wọn, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n pé àwọn obìnrin tó ṣáájú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni àwọn mìíràn ń tàn ní agogo méjì òru.

Ẹ̀yin ti mọ́, ẹ ti wẹ̀, ó ti pé ọjọ́ 8 sí 12 kí ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́rin yẹn tó yọ. Ẹ ṣan ibẹ̀, ẹ lo páàdì tàbí aṣọ tó mọ́, ẹ ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, kí ẹ sì kírun. Nínú Bukhari, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ànábì bá a jókòó ìtìkáàfù nínú mọ́sálásí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àìsàn (ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù) ń dà lára rẹ̀. Ó ń rí àwọ̀ pupa, ó ń rí àwọ̀ ìyeyè. Aishat ní nígbà mìíràn, àwọn a gbé ọpọ́n sí abẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń kírun. Ọpọ́n ni a gbé sí abẹ́ tirẹ̀! Ẹnì kan wá ní kí ẹ̀kán mẹ́ta lé yín kúrò lórí ẹní ìrun.

Ní ti ọkọ yín, ohun tí Ọlọ́hun sọ nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 222, ni pé kí àwọn ọkùnrin yẹra fún àwọn obìnrin nígbà nǹkan oṣù. Nígbà nǹkan oṣù ni, kò ní nígbàkúùgbà tí àwọ̀ bá yí padà. Hamnah bint Jahsh, obìnrin kan tó bá Ànábì gbé ayé, ní ẹ̀jẹ̀ àìsàn tó pọ̀ gidigidi, ọkọ rẹ̀ sì máa ń súnmọ́ ọn. Abu Dawud gbà á wá.

Ọjọ́ 7 gbáko yẹn ló wá bí mi nínú jù. Risala tí àáfà yín gbé dání ní kí obìnrin wẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá. Níbo ló ti rí ọjọ́ 7? Kò sí nínú Àlùkùránì, kò sí nínú hádíìsì, kò sí lọ́dọ̀ ìkankan nínú àwọn Imaam mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn Yahudi ni wọ́n ń ka ọjọ́ 7 mímọ́ fún ìyàwó wọn. Ẹni tó bá fi ohun tí Ọlọ́hun kò fi dí ọ̀nà dí ọ̀nà fún tọkọtaya, ó ti kọjá àyè rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó sì ṣe fún yín. Ọjọ́ 3 tí omi náà fi ń yọ, ọjọ́ 7 lé e, ọjọ́ 10 nìyẹn tí ọkọ yín kò fi fọwọ́ kàn yín nínú oṣù kan. Dókítà obìnrin kan tó ń wá sí àsálátù wa là á fún wa pé àwọn obìnrin kan máa ń rí irú omi pípọ́n díẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an lásìkò tí ẹyin ń jáde. Ẹyin tó bá jáde kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ. Àtọ̀ ọkùnrin ló lè dúró nínú ìyàwó títí di ọjọ́ 5. Nítorí náà, ọjọ́ tó ṣáájú jíjáde ẹyin àti ọjọ́ náà gan-an ni a ń wá, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń fi fátíwà (ìdájọ́ àáfà) gbà lọ́wọ́ yín láti ọdún 2. Mi ò mọ ẹni tó máa gbọ́ èyí tí àánú yín kò ní ṣe é.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ ka ọjọ́ 14 láti ìgbà tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn wà fún ẹni tí tirẹ̀ ń lọ déédéé. Ọjọ́ bíi 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ni ẹyin sábà máa ń jáde. Ní oṣù tí tiyín bá jẹ́ ọjọ́ 26, bí ọjọ́ kejìlá ni. Ní oṣù ọjọ́ 45, ó lè di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ta ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ẹ máa súnmọ́ ara yín ní ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta láti ìgbà tí ẹ bá ti wẹ̀. Bó bá bọ́ sí ìgbà ààwẹ̀, òru wà níbẹ̀. Suratul-Baqarah, ẹsẹ 187, ló ṣe é ní ẹ̀tọ́, ibẹ̀ náà ni Ọlọ́hun ti ní: "Ẹ máa wá ohun tí Ọlọ́hun kọ mọ́ yín." Ọ̀pọ̀ àwọn tó túmọ̀ Àlùkùránì ní ọmọ ni ohun náà. Oògùn yín sì ṣeé lò ní sààrì.

Ẹ máa lo oògùn náà bí dókítà ṣe wí. Ẹ sọ ti omi pípọ́n yẹn fún un, ẹ bi í bóyá ó ti yẹ thyroid (ohun kan ní ọrùn tó ń pèsè èròjà ara) àti prolactin (èròjà ara tó ń mú wàrà ọmú wá) yín wò, nítorí bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe ségesège, ẹyin lè má jáde. Kí ọkọ yín náà lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló bí ọmọ àkọ́kọ́. Ànábì ní: "Ẹ máa tọ́jú ara yín, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun." Ẹni tó lọ sí ọsíbítù kò sọ ìgbáralé Ọlọ́hun nù. Ẹni tó ní ọmọ kan tó tún ń tọrọ òmíràn kì í ṣe aláìmoore, ohun yòówù tí wọn ìbáà máa wí. Ẹ máa fi àdúà Ànábì Zakariyya tọrọ nínú ìforíkanlẹ̀: Rabbi laa tadharnii fardan wa anta khayrul-waarithiin (Olúwa mi, má fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan, Ìwọ lo dára jù nínú àwọn tó ń jogún).

Àáfà tírà yẹn, ọ̀rọ̀ mi sí i kò gùn. Ànábì ní ẹni tó bá so ońdè kọ́ ti ṣẹbọ. Ẹni tí kò mọ ibi tí ẹyin ti ń jáde ló ń sọ ẹni tó gbé e lọ. Bí ó bá ní kí ẹ wá fún ìwẹ̀ tàbí àdúà ní yàrá tí ọkọ yín kò sí, ẹ má lọ.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń ṣàn, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín dá mọ̀ sí nǹkan oṣù, tí ó sì ti pé ọjọ́ 15 tí ẹ ti mọ́, nǹkan oṣù ni, ẹ fi ìrun sílẹ̀. Bó bá ṣàn bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ 15 tó pé, ẹ kọ déètì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, nítorí ìdájọ́ ìyẹn yàtọ̀.

Àwọn ìrun tí ẹ ti fi sílẹ̀: ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí ẹ san wọ́n. Èyí tí mo gbà ni pé kò di dandan, nítorí pé fátíwà ẹni tí ẹ gbà sí onímọ̀ lẹ tẹ̀lé. Hamnah sọ fún Ànábì pé ẹ̀jẹ̀ òun ti dí òun lọ́wọ́ ìrun àti ààwẹ̀. Ànábì kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa ṣe lọ, kò ní kó san àwọn ìrun tó ti kọjá. Ẹ fi náfílà kún un bí ẹ bá lágbára. Ààwẹ̀ tí ẹ bá jẹ ní àwọn ọjọ́ náà nìkan ni ẹ ó san, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Kí ọkọ yín ka èsì yìí fúnra rẹ̀. Bí àáfà àdúgbò bá fẹ́ kí a jọ ṣí Risala, mo wà nílé lẹ́yìn Asri.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù.