Ṣé dandan ni kéèyàn fún wéítà ní tíìpù?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò tíì pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi dé Houston níbí, la bá ní ká lọ jẹun níta lọ́jọ́ Sátidé. Oúnjẹ ọgọ́ta dọ́là la jẹ, a sanwó, a fi dọ́là méjì sílẹ̀ ṣe tíìpù, ìyẹn owó ọpẹ́, fún ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá, àfi bó ṣe fajú ro tó ń bi wá pé ṣé nǹkan kan ò tẹ́ wa lọ́rùn ni. Ọkọ mi ní nílé wa, ọlọ́jà ló ń fi èènì sí i fún oníbàárà, òun ò ní san ju iye tí wọ́n kọ lọ. Ṣé lóòótọ́ la jẹ ọmọ yẹn ní gbèsè ni?
Òǹkàwé láti Houston

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òfin ò ní dandan ni, àmọ́ níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹ kà á sí dandan. Mo mọ̀ pé ó ń ká ọkọ yín lára, torí nílé wa ẹni tó bá ní kí wọ́n mú ṣéńjì, inúure ẹ̀ ló ṣe. Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn gbà kí ọ̀gá san dọ́là 2.13 péré fún wéítà ní wákàtí kan, látọdún 1991 ni iye yẹn ti wà, wọn ò fi kọ́bọ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ 7.25 ni owó tó kéré jù fáwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Texas tẹ́ ẹ wà gan-an, 2.13 yẹn náà ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní tí tíìpù ò bá jẹ́ kó pé 7.25, kí ọ̀gá kún un, ṣùgbọ́n wéítà mélòó ló máa lè bá ọ̀gá ẹ̀ fa ìyẹn? Owó tẹ́ ẹ̀ ń wò bí ẹ̀bùn yẹn, òun ni ọmọ ọlọ́mọ fi ń sanwó ilé. Tó bá wá rí dọ́là méjì lórí ọgọ́ta, ohun tó máa rò ni pé òun ṣẹ̀ yín.

Ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fún wọn. Ẹ wo owó oúnjẹ kí wọ́n tó gbé owó orí lé e, ẹ yọ ìdámẹ́wàá ẹ̀, ìyẹn mẹ́fà nínú ọgọ́ta, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di dọ́là méjìlá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi káàdì san, wọ́n lè mú un kúrò níwájú yín, ẹ má jáyà, wọ́n á mú bébà méjì padà wá, ọ̀kan tiyín, ọ̀kan tiwọn, ẹ kọ tíìpù síbi tí wọ́n fàlà sí, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú. Àlátì báǹkì lè kọ́kọ́ gbé owó oúnjẹ nìkan wá, tó bá yá ó máa lé sí i, wọn ò jà yín lólè.

Tẹ́ ẹ bá tó ẹni mẹ́fà, ẹ yẹ bíìlì wò dáadáa, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti máa ń ka tíìpù ìdá 18 mọ́ ọn, kẹ́ ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ kàn dúró ra oúnjẹ lọ sílé ni, tí wọ́n wá yí tábúlẹ́ẹ̀tì kọjú sí yín pé 18, 20 tàbí 25, ìyẹn ò pọndandan rárá, ẹ tẹ "No Tip" kẹ́ ẹ máa lọ.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni káwọn èèyàn wa máa torí ẹ̀ṣẹ̀ kúùkù fìyà jẹ wéítà. Iyọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ, ṣé òun ló sè é? Ẹ pè é, ẹ fi pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ òun gan-an ló rí yín fín, ẹ ní ẹ fẹ́ rí máníjà. Ẹ má pòṣé sí wọn, ẹ má pàtẹ́wọ́ pè wọ́n. Tówó ọwọ́ ò bá sì gbé tíìpù, ẹ rà á lọ sílé, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, Ìkẹjà lèmi wà. Ilé oúnjẹ kan kọ sáfíìsì ṣáàjì, ìyẹn owó ìtọ́jú oníbàárà, ìdá 10 sí risíìtì mi, VAT wà ńbẹ̀, owó orí Èkó wà ńbẹ̀, mo sanwó tán wéítà ṣì dúró tì mí tó ń ní "ọ̀gá mi, ẹ ṣe wá dáadáa". Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ nìyẹn?
Òǹkàwé láti Ìkẹjà

ÌDÁHÙN: VAT ìdá 7.5 látọdún 2020, tìjọba àpapọ̀ nìyẹn, ìdá 5 sì ni tìjọba Èkó, òfin ẹ̀ ti wà láti 2009. Sáfíìsì ṣáàjì ló yàtọ̀, ilé oúnjẹ fúnra ẹ̀ ló gbé e kalẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé àwo. Ẹ rọra bi wéítà bóyá ó ń kàn wọ́n. Tó bá ń kàn wọ́n, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Tí kò bá kàn wọ́n, tó sì ṣe yín dáadáa, ẹ fi nǹkan sí i lọ́wọ́, káàṣì ni o, torí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni owó POS ń lọ. Ní England, Scotland àti Wales, láti 1 October 2024, òfin ti de àwọn ọ̀gá pé gbogbo tíìpù àti sáfíìsì ṣáàjì tó bá wọlé, òṣìṣẹ́ ló ni ín, ó sì wù mí gidi gan-an káwọn aṣòfin wa náà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ wo ìsàlẹ̀ mẹ́nù kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ máa jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ sáfíìsì ṣáàjì sí ní lẹ́tà wínníwínní.